Oníkẹ́mísírì Tí Kì Í Fọwọ́ Kan Ásíìdì



Alága ní kí n sọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, torí àwọn kan ń béèrè pé irú oníkẹ́mísírì wo ni kì í wọ kóòtù funfun. Wọn ò jẹ̀bi. Kọ̀ǹpútà ni láàbù mi.

Ṣé ẹ rántí pé a há a sórí pé háídrójìn méjì àti ọ́síjìn kan ló ń di omi? A ò béèrè bí wọ́n ṣe tò. Wọn ò tò gbọọrọ o. Wọ́n tẹ̀ ni, igun àárín wọn sì jẹ́ ìwọ̀n 104.5. Ká ní gbọọrọ ni, iyọ̀ kì bá tí máa yọ́ nínú ọbẹ̀ wa bó ti ń yọ́ yìí. Ní 1926, Schrödinger gbé ìṣirò kan jáde tó lè sọ ìdí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́kítírọ́nì bá ti ju ẹyọ kan lọ, kò sẹ́ni tó lè yanjú rẹ̀ pátápátá. Àfi ká máa sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Sísún mọ́ ọn yẹn ni iṣẹ́ wa. John Pople àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ gbé ètò Gaussian jáde fún un ní 1970. Òun àti Walter Kohn sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998.

Ti oyè tí mo gbà, ẹ jẹ́ ká fò ó. Àṣìṣe mi ni kí n sọ. Nígbà kan, ìṣirò mi ní èròjà méjì yóò para pọ̀ kíá nínú omi. Ọmọ tí mò ń tọ́ sọ́nà fi oṣù mẹ́ta gbìyànjú rẹ̀ ní láàbù. Pàbó! Mi ò ka omi tó yí wọn ká mọ́ ọn. Mo ṣírò wọn bí ẹni pé òfìfo ni wọ́n wà. Ọmọ náà sunkún níwájú mi.

Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́. Mo gbọ́ pé kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ rà fún ilé-ìwé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ tún láàbù ṣe. Mo yọjú síbẹ̀ lánàá: burette méjì ló kù, ọ̀kan ti kán lẹ́nu. Ọmọ tí kò rí i rí kí ásíìdì yí àwọ̀ padà, báwo ni yóò ṣe mọ̀gbà tí kọ̀ǹpútà bá purọ́ fún un?

Burette mẹ́wàá la nílò. Mo ti ra márùn-ún, wọ́n wà nínú búùtù mọ́tò mi. Ta ni yóò ra ìyókù?