Ojú Òṣìṣẹ́ Nínú Ìwé
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó)



Iṣẹ́ gẹdú kì í ṣe àjèjì ní ìlú yìí. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn ènìà tí ń yí ìtì igi láti inú igbó bọ̀ sí ojú títì mọ̀ pé agbára àti ọgbọ́n ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Ìbéèrè wa ni èyí: nínú ìwé wo ni àwọn ọmọ wa yóò ti rí ojú àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí?

Àwọn ará Faransé ti dáhùn irú ìbéèrè yìí. Victor Hugo tẹ Les Misérables jáde li ọdún 1862, ìtàn àwọn tálákà. Émile Zola kọ L'Assommoir, ìtàn obìnrin alágbàfọ̀ kan ní Paris, tí ó jáde li ọdún 1877. Germinal, ìtàn àwọn tí ń wa èédú, tẹ̀lé e li ọdún 1885. Kò pẹ́ tí a fi tún àwọn ìwé wọ̀nyí tẹ̀ pẹ̀lú àwòrán, tí a sì ń tà wọ́n ní abala-abala ní owó pọ́ọ́kú, kí mẹ̀kúnnù lè rí wọn rà.

Ara igi ni nwọ́n ń fín púpọ̀ nínú àwòrán náà sí. Ayàwòrán a ya á sí ojú igi líle tí a ti fá títí ó fi dán. Afíngi a sì fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gbẹ́ ibi tí yóò funfun kúrò, ibi tí ó kù ni yóò gba tàdáwà. Igi náà ga déédé pẹ̀lú lẹ́tà òjé, nítorí náà ẹ̀rọ kan náà ni ó ń tẹ ọ̀rọ̀ àti àwòrán pọ̀. Alágbàṣe ni púpọ̀ nínú àwọn afíngi: òṣìṣẹ́ ni ó ń fín ojú òṣìṣẹ́.

Émile Bayard ya Cosette, ọmọdébìnrin tí ó di ìgbálẹ̀ tí ó ga jù ú lọ mú. Àwọn tí kò ka ìwé Hugo rí mọ ojú ọmọ náà. Nínú Germinal, ọmọ-ogun yìnbọn lu àwọn tí ó da iṣẹ́ sílẹ̀. Irú rẹ̀ dé bá wa: ní ọjọ́ 18 oṣù November 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa awa-èédú 21 ní Enugu.

A kò ṣe aláìní ọlọ́nà. Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ní London àti Paris láti ọdún 1920, ya àwọn gbajúmọ̀ Èkó. Li ọdún 1968, Bruce Onobrakpeya ṣe àwòrán sí ìwé Fágúnwà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. A ti rí ojú ọlọ́lá, a ti rí ojú iwin. Ojú agégi ńkọ́?

Ẹ má jẹ́ kí a dúró de ìjọba. Ilé-iṣẹ́ tákàdá tí a kọ́ sí Ìwópin kò so èso tí a retí. Kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Àgọ́-Ìwòyè jókòó ti àgbà agégi, kí ó jókòó ti apẹja Ogun Waterside, kí ó kọ orúkọ irin-iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Kí agbẹ́gilére fín ojú wọn sára igi wa. Kí Ẹgbẹ́ sì tẹ̀ ẹ́ ní èdè wa. Bí àgbà bá lọ kí a tó bi í, orúkọ irin-iṣẹ́ rẹ̀ yóò bá a lọ.