Ògún, Katakata àti Ẹni Tí Yóò Kọ́kọ́ Gùn Ún

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n wá sọ ní Fate lónìí kì í ṣe ti ìtumọ̀ ẹsẹ Ifá. Katakata ni, irú èyí tó kéré, tí àgbẹ̀ kan lè dá rà fún oko ara rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní òwúrọ̀ kò ní béèrè ìdí tí Yorùbá fi sọ ọ́ ní orúkọ yẹn. Iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè mi parí síbẹ̀.

Kò ṣe àjèjì pé kí olórìṣà máa sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ oko. Ìràwọ̀ ni ojúko Òrìṣà Oko, ọ̀pá irin sì ni àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ máa ń rọ fún òrìṣà náà. Irin àti oko kò pínyà rí lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ra katakata tuntun, tí ó wá bi mí léèrè ohun tí Ògún yóò gbà, inú mi a dùn. Ọ̀kan nínú yín ṣe bẹ́ẹ̀ láìpẹ́ yìí. Mo dá a lóhùn tán, mo wá bi òun náà pé: "Èwo nínú bíréèkì rẹ méjèèjì ni ti táyà òsì?" Ó kàn ń wò mí ni. Kò mọ̀ pé méjì ni wọ́n.

Méjì ni lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ katakata. Ọ̀kan ń di táyà ẹ̀yìn apá òsì mú, èkejì ń di ti ọ̀tún mú, kí ẹni tó ń túlẹ̀ lè yí bìrí ní ìpẹ̀kun oko. Bí ó bá dé ojú ọ̀nà ọ̀dà, ó gbọ́dọ̀ fi ìkọ́ so méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá tẹ ọ̀kan ṣoṣo lórí eré, katakata yóò yà bàrá, ó sì lè dojú dé. Wíwa mọ́tò kì í kọ́ ènìyàn ní èyí. Púpọ̀ nínú yín ló ti ń wa mọ́tò fún ogún ọdún. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ohun tó ń pa awakọ̀ katakata jù lọ ni kí ẹ̀rọ náà dojú dé. Táyà ẹ̀yìn tóbi, iwájú fúyẹ́. Bí ènìyàn bá so ẹ̀wọ̀n mọ́ ibi gíga lẹ́yìn rẹ̀ láti fi hú kùkùté, tí kùkùté sì kọ̀, táyà kò ní lè yí mọ́, ara ẹ̀rọ ni yóò máa yí. Iwájú yóò gbéra nílẹ̀, yóò sì wó lé awakọ̀ lórí kí ó tó ráyè fò sílẹ̀. Fordson tí Henry Ford gbé jáde ní 1917 gba orúkọ burúkú nítorí èyí. Apá mẹ́ta ìsorinṣẹ́ tí Harry Ferguson, ọmọ Ireland, ṣe, tó wà lára katakata Ford ti 1939, dín ewu náà kù fún ẹni tó ń túlẹ̀. Kò dín in kù fún ẹni tó so ẹ̀wọ̀n síbi tí kò yẹ. Irin ìfà tó wà nísàlẹ̀, tó rẹlẹ̀ ju àárín táyà ẹ̀yìn lọ, nìkan ni kí ẹ máa so ẹ̀wọ̀n mọ́.

Ní 1959 ni Sweden ti fi òfin dè é pé katakata tuntun gbọ́dọ̀ ní irin ààbò fún awakọ̀. Irin yìí, tó dúró bí férémù ilẹ̀kùn lẹ́yìn àga, ni àwọn kan máa ń tú dànù nítorí pé ó ń kọ́ ẹ̀ka kajú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sì de bẹ́líìtì. Bí irin bá wà lóròó, bẹ́líìtì yóò mú yín dúró lábẹ́ ààbò rẹ̀. Bí irin kò bá sí, bẹ́líìtì yóò dè yín mọ́ ohun tí yóò tẹ̀ yín pa. Ògún tí ẹ bọ ló ni irin náà pẹ̀lú.

Èyí tó kan àwa gan-an ni ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn, tó ń gbé agbára lọ sí ẹ̀rọ ìgékoríko. Ìgbà 540 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà mẹ́sàn-án ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí ọwọ́ tó yá tó láti gba etí agbádá lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìlẹ̀kẹ̀ gígùn sọ́rùn, tí aṣọ yín ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ẹ bọ́ wọn sílé kí ẹ tó sún mọ́ ọ̀pá yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní babaláwo kò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Èmi sọ ọ́.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tirẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ wà ní pípa. Kí ó jókòó, kí ó fọwọ́ kan ohun kọ̀ọ̀kan, kí ó máa dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sókè, bí ọmọ awo ṣe ń ka orúkọ odù kí ó tó dá Ifá fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, kí ó wà á lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ní jíà kìíní, láìso irinṣẹ́ kankan mọ́ ọn. Kí ó tó sọ̀kalẹ̀, kí ó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, kí ó fa bíréèkì, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó yọ kọ́kọ́rọ́. Ọmọdé kankan kò gbọdọ̀ jókòó sórí mọ́gáàdì, bí ó tilẹ̀ ń sunkún.

Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń dán ẹ̀rọ oko wò, tó sì ń kọ́ àwọn tí ń lò ó, ìyẹn NCAM tí òfin 1990 gbé kalẹ̀, wà ní Ìdòfìán, nǹkan bí 20 kìlómítà sí Ìlọrin. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ béèrè nípa ẹ̀kọ́ wọn, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé kí a tó túká, kí ó sì wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ lọ́jọ́ náà.