Ẹ̀sìn Ọjọ́ Ìsinmi àti Ẹ̀mí Ọjọ́ Ajé

Ọ̀rọ̀ tí a bá ìjọ sọ ní àpéjọ gbogbogbò wa ní ìlú Kumasi, orílẹ̀-èdè Ghánà

 

Ọ̀rọ̀ tí a fi lé wa lọ́wọ́ ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹ̀sìn àti ìgbé-ayé ti ẹ̀mí, àti bí a ti ṣe lè ru ọkàn àwọn ọ̀dọ́ wa sókè fún ìlọsíwájú orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n a kì yóò fà á gùn.

Ẹ̀sìn ni ohun tí ojú ń rí: agogo tí a ń lù, aṣọ tí a ń wọ̀, ààwẹ̀ tí a ń gbà, orin tí a ń kọ, oyè tí a ń jẹ nínú ìjọ. A kò gàn wọ́n. Inú wọn ni a bí ọ̀pọ̀ nínú wa sí, àwọn ni ó sì tọ́ wa dàgbà. Ìgbé-ayé ti ẹ̀mí ni ohun tí ó kù lára ènìyàn nígbà tí ó bá ti bọ́ aṣọ ìsìn sílẹ̀, tí ó ti kúrò níwájú pẹpẹ, tí ó sì dúró níwájú oníbàárà rẹ̀ ní ọjà. Àwọn bàbá wa ti fi ọ̀rọ̀ kúkúrú parí rẹ̀: ìwà lẹ̀sìn. Ọjọ́ Ìsinmi ni a ń ṣe ẹ̀sìn. Ọjọ́ Ajé ni ayé ń yẹ̀ ẹ́ wò. Orúkọ ọjọ́ náà pàápàá kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ajé ni ó máa ń fi ohun tí ó wà nínú ọkàn ènìyàn hàn.

Ìlú tí a wà yìí yẹ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1839 ni Thomas Birch Freeman, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ènìyàn dúdú, gòkè wá sí Kumasi láti etí òkun. Ní ọdún 1842, òun kan náà ni ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, tí ó sì lọ dé Abẹ́òkúta, níbi tí Ṣódẹkẹ́ ti gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. Nítorí náà, okùn ìhìnrere tí ó so ilẹ̀ Aṣante pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Yorùbá kì í ṣe okùn àná. Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí àti Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí gba ọ̀nà ibí yìí pẹ̀lú ẹrù ọjà wọn. Oníṣòwò ni wọ́n. Ẹgbẹ́ míṣọ́nárì kankan kò rán wọn. Bí wọ́n ti ń rí ibùgbé ni wọ́n ń kó ara wọn jọ láti gbàdúrà ní èdè wọn. Irú wọn ni ó dá púpọ̀ nínú àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Àwọn Aládùúrà náà sì tẹ̀lé wọn: ní ọdún 1953, nígbà tí a ṣì ń pe ilẹ̀ yìí ní Gold Coast, ni Adélékè Adéjọbí mú Ìjọ Olúwa wá síhìn-ín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù November ọdún náà, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gba ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n kúrò ní Ghánà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ni a bí sí Ghánà. Àwọn mìíràn kò mọ ìlú bàbá wọn rí àfi nínú ìtàn tí ìyá ń sọ. Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé, wọ́n gbàgbé gbèsè tí a jẹ wọ́n, wọ́n sì wọ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìsìn tí ènìyàn kún fọ́fọ́ ní oṣù October ni ó di ahoro kí Kérésìmesì tó dé.

Kí ni ó kù lẹ́yìn wọn? Níbi tí a ti fi ẹ̀sìn mọ sáàárín ara wa, tí aládùúgbò kò mọ̀ ju ariwo ìlù wa lọ, ilẹ̀kùn tí a tì kò rí ẹni tí yóò ṣí i. Ṣùgbọ́n níbi tí onílé ti rí ìwà tí ó wù ú lára àlejò, tí ọmọ Ghánà ti di ará nínú ìjọ, òun ni ó gba kọ́kọ́rọ́, tí ó sì ń bá iṣẹ́ náà lọ títí di òní. Ẹ̀sìn bá ẹlẹ́rù wọ ọkọ̀ lọ. Ohun tí ó ti wọ inú ẹlòmíràn ni kò ṣe é kó.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀ṣẹ̀ onílé nìkan ni a ń kà. Ní oṣù January ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé, ọmọ Ghánà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì tí wọ́n kó ẹrù wọn sí ni a fi ìlélọ náà sọ lórúkọ di òní, Ghana Must Go. Ní orílẹ̀-èdè méjèèjì, ilé ìsìn kún ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó ṣáájú àṣẹ náà, ó sì kún ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e. Ẹ̀sìn kò wọ́n wa. Ohun tí ó wọ́n ni ẹni tí yóò sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé, “Ẹrù rẹ yóò wà lọ́dọ̀ mi títí ìwọ yóò fi padà,” tí yóò sì pa á mọ́ ní òtítọ́. Irú wọn wà, a dúpẹ́. Wọn kò kàn pọ̀ tó ni.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ni ìgbé-ayé ti ẹ̀mí ní í ṣe pẹ̀lú ìlọsíwájú orílẹ̀-èdè? Ẹ̀rí wà láàárín àwọn ìjọ tí ènìyàn dúdú fi ọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé kòkó tí ó sọ Aṣante di ọlọ́rọ̀ ni ó sọ ilẹ̀ Yorùbá náà di ọlọ́rọ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ kan jáde kúrò ní St. Paul's, Breadfruit, ní Èkó ní ọdún 1901, tí wọ́n sì dá African Church sílẹ̀, J. K. Coker wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ọkùnrin yìí dá oko kòkó ńlá sí Ìfàkọ̀ ní Agége, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ ní ọdún 1907. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó wá ṣe iṣẹ́ oko níbẹ̀ kọ́ bí a ti ń gbin kòkó, wọ́n sì mú ìmọ̀ náà padà sí ìlú wọn. Àwọn oníwàásù ìjọ náà ń kọ́ ènìyàn ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní kòkó gbíngbìn pẹ̀lú.

Ẹ tún wo Ayétòrò. Ní ọdún 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, tí wọ́n ti inú Kérúbù àti Séráfù jáde, tẹ ìlú náà dó sí etí òkun Ìlàjẹ, lórí ẹrẹ̀ tí ẹlòmíràn kò fẹ́. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì jọ ń pín èrè. Àwọn ọ̀dọ́ wọn ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ní iná mànàmáná tiwọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tí ó jù wọ́n lọ ṣì ń tan àtùpà. Ìgbà ti yí padà fún Ayétòrò. Àjọní náà ti tú, òkun sì ti ń gbé ilé lọ níbẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àdúrà wọn kò ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Nínú Kumasi yìí kan náà, ẹ rìn dé Suame Magazine bí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ ni ẹ óò bá lábẹ́ ọkọ̀ àti nídìí iná, tí wọ́n ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, tí wọ́n ń jó irin mọ́ irin. Nígbà tí owó ilẹ̀ òkèèrè wọ́n ní Ghánà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí ohun èlò ọkọ̀ kò wọlé bí ti àtijọ́ mọ́, ọwọ́ irú àwọn wọ̀nyí ni ó rọ ohun tí ó mú ọkọ̀ máa rìn. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a fi orúkọ Kwame Nkrumah pè kò fojú tín-ín-rín wọn. Ní ọdún 1980 ni ó ṣí ibùdó kan sí Suame láti fi ọgbọ́n ẹ̀rọ tuntun kún ọgbọ́n ọwọ́ wọn. Ìwé rìn lọ bá iṣẹ́ ọwọ́ níbi tí ó wà. Kí ni àwa ti ṣe níbẹ̀? A lọ lẹ ìkéde ìsọjí mọ́ ara ògiri wọn.

Ẹ̀yin ará, a ní ìjẹ́wọ́ kan láti ṣe. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú ẹ̀ka kan tí a kì yóò dárúkọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a kò mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe mú owó ńlá wá fún òrùlé ilé ìsìn. A gbà á. A fi í jókòó níwájú, a gbàdúrà lé e lórí, a sì ní kí àwọn ọ̀dọ́ yòókù fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan náà, ọ̀dọ́ mìíràn tí ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ti rí owó tí oníbàárà gbàgbé sínú ọkọ̀, ó sì ti dá a padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì jẹun ní ọjọ́ náà. Ó sọ ọ́ fún wa ní ẹnu ọ̀nà. A ní, “Ọlọ́run yóò bù kún ọ,” a sì kọjá lọ.

Kò pẹ́ tí a fi gbọ́ pé jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní sakawa ní Ghánà, tí wọ́n ń pè ní Yahoo ní Nàìjíríà, ni ẹni iwájú ń ṣe. Òrùlé náà wà lórí ìjọ di òní. Ẹni ẹ̀yìn kò wá mọ́. A máa ń sọ pé àwọn ọ̀dọ́ kò gbọ́ ìwàásù wa. Wọ́n gbọ́ ọ! Wọ́n wo ẹni tí a fi sí iwájú, wọ́n sì mọ ohun tí a ń wàásù. Bákan náà ni ti wúrà tí a ń wà láìgbàṣẹ, tí wọ́n ń pè ní galamsey, tí ó ti sọ omi odò Pra àti odò Offin di ẹrẹ̀: ìdámẹ́wàá rẹ̀ ń wọ inú àpótí ìjọ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, a kò sì béèrè ibi tí ó ti wá. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí ni a ó wá sọ nípa ọmọ tí a kọ́ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a gbé ka iwájú àpéjọ yìí. Èkíní, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa béèrè orísun owó ńlá kí ó tó gbà á. Bí ìdáhùn kò bá tọ́, kí a dá a padà, bí òrùlé bá tilẹ̀ ń jò. Èkejì, nínú owó tí a ń ná lórí aṣọ àjọ̀dún, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yọ iye tí yóò fi ọ̀dọ́ méjì sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọọdún, kí a san owó ọ̀gá, kí a sì ra irinṣẹ́ fún wọn ní ọjọ́ òmìnira, ìbáà ṣe ọmọ àgbà ìjọ tàbí ọmọ opó, ìbáà ṣe Yorùbá tàbí Aṣante. Ẹ̀kẹta, kí ọ̀dọ́ jókòó níbi tí a ti ń ka owó ìjọ, kí a sì máa fi èdè Twi ṣe ìsìn pẹ̀lú èdè wa, kí ilé Ọlọ́run má ṣe sọ onílé di àjèjì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀dọ̀ yín ni a ó parí ọ̀rọ̀ sí. A gbọ́ tí àwọn kan nínú yín ń sọ pé ẹ̀mí nìkan tó, pé ẹ kò nílò ìjọ mọ́. A mọ ohun tí ó fà á, ọwọ́ wa kò sì mọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn ni ààrò, ẹ̀mí sì ni iná. Ààrò tí kò ní iná, òkúta mẹ́ta lásán ni. Iná tí kò ní ààrò, oko olóko ni yóò jó. Ẹ má fọ́ ààrò nítorí pé iná kú mọ́ àwa àgbà lọ́wọ́. Ẹ wá dá a.

Kí ẹ má sì rò pé Accra tàbí Abuja nìkan ni orílẹ̀-èdè wà. Òṣùwọ̀n tí a kò yí, nọ́ọ̀tì táyà tí a dè le kí ọkọ̀ tó kó ènìyàn, ìdánwò tí a fi ọpọlọ ara ẹni ṣe, gbèsè tí a san ní ọjọ́ tí a dá, ibẹ̀ ni orílẹ̀-èdè ti ń lọ síwájú tàbí tí ó ń padà sẹ́yìn. Iṣẹ́ Ọjọ́ Ajé ni gbogbo wọn. Ọlọ́run tí a pè ní Ọjọ́ Ìsinmi ń wò wá nídìí wọn.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì mọ ibi tí ọ̀dọ́ tí ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà náà wà, yálà ní Suame tàbí ní ibòmíràn, kí ó bá wa sọ fún un pé a jẹ̀bi, a sì ń wá a. Ìjókòó kan ṣófo níwájú.

Kí Ọlọ́run kí ó ràn wá lọ́wọ́, kí ó sì bù kún àwọn ọ̀dọ́ wa. Àmín.