Ẹ Béèrè Ilẹ̀dú Yín

Ọ̀rọ̀ mi lónìí kan ẹnikẹ́ni tí ó ní ilẹ̀ níbi tí àwọn awakùsà ń dé, pàápàá ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó agbègbè Iléṣà. Bí wọ́n bá wá bá yín, owó ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Ẹ gba owó yín, ó tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ̀ka sínú ìwé, ẹ bi wọ́n pé: “Níbo ni ẹ ó kó ilẹ̀dú mi sí?”

Ilẹ̀dú ni erùpẹ̀ dúdú òkè pátápátá. Kò nípọn, nínú oko púpọ̀, kò ju ínǹṣì 6 sí 12 lọ. Níbẹ̀ ni ewé ń jẹrà sí, níbẹ̀ ni ekòló ń gbé, pẹ̀lú àwọn ohun abẹ̀mí kékeré tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń pèsè oúnjẹ fún gbòǹgbò. Ẹ ní kí àwọn ọmọ yín gbin àgbàdo sínú agolo méjì: ilẹ̀dú nínú ọ̀kan, ilẹ̀ pupa ìsàlẹ̀ kòtò nínú èkejì. Kí oṣù kan tó pé, wọn yóò rí ohun tí mò ń wí.

Ní Ìtagúnmodì àti àyíká rẹ̀, àárín òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ ni wúrà wà. Awakùsà tí ń kánjú yóò fi katakata wa ilẹ̀dú àti ilẹ̀ pupa dà pọ̀. Bí ó bá tilẹ̀ dí kòtò náà (ọ̀pọ̀ kì í dí i), òkúta ìsàlẹ̀ ni yóò wà lókè. Kí ni kòkó yóò jẹ níbẹ̀?

Èyí tí ó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ ká ilẹ̀dú lọ́tọ̀, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, nítorí ilẹ̀ tútù tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ a máa le bí bíríkì. Òkìtì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ga ju ènìyàn lọ. Bí ó bá ga jù, afẹ́fẹ́ kò ní dé àárín, àwọn ohun abẹ̀mí inú rẹ̀ yóò sì kú. Kí wọ́n gbin koríko tàbí ẹ̀wà lé e, kí òjò má bàa wọ́ ọ lọ. Èyí tí ó dára jù ni kí ó má pẹ́ lókìtì rárá: èyí tí wọ́n ká níhìn-ín lónìí, kí wọ́n tẹ́ ẹ sí ibi tí wọ́n ti wà tán. Òkúta ni kí ó kọ́kọ́ wọ kòtò, kí ilẹ̀ pupa tẹ̀ lé e, kí wọ́n tú u dáadáa, kí ilẹ̀dú wá gbẹ̀yìn.

Láti inú èdè Haúsá ni a ti mú “kùsà”. Tíìnì ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní òkè Jọ́s, wọ́n wa tíìnì ní ọ̀pọ̀ ọdún láìtọ́jú ilẹ̀dú. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, igi eucalyptus ni wọ́n gbìn sí ibi púpọ̀. Ó ń fúnni ní igi ìdáná, ṣùgbọ́n kì í mú ilẹ̀ sanra. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ni mo yìn: wọ́n ń ru eérú ààtàn láti ìgboro, wọ́n ń pò ó mọ́ ajílẹ̀, wọ́n sì ń fa omi inú kòtò àwọn awakùsà láti gbin tòmátì lẹ́ẹ̀rùn. Iṣẹ́ ńlá ni, lórí ohun tí ìbá ti wà nílẹ̀.

Òfin ìwakùsà ọdún 2007 sọ pé kí awakùsà tún ilẹ̀ ṣe, kí ó sì bá ará ìlú ṣe àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ, ẹ má jẹ́ kí ó ti ọkọ́ bọ ilẹ̀ yín. Ẹni tí ó ní in, inú ìwé àdéhùn yẹn ni kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀dú wà. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré mẹ́ta lójú wọn, ẹ wọn bí ilẹ̀dú ti jìn tó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ yín. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ní àwọn ti ṣe tán, ẹ mú ọkọ́ dání lọ síbẹ̀.