Rírán Tẹ́dì fún Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi

 Ohun tí ẹ ń wò ní ọwọ́ mi yìí ni à ń pè ní tẹ́dì. Èmi fúnra mi ni mo rán an. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ óò rí i wí pé etí rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ, àti wí pé ọrùn rẹ̀ wọ́. Kì í ṣe nítorí ẹwà rẹ̀ ni mo ṣe mú un wá. Òun ni àkọ́kọ́ tí mo rán láyé mi, ohun kan sì ṣẹlẹ̀ sí ojú rẹ̀ òsì tí n kò lè gbàgbé. N óò padà bọ̀ sí orí ìyẹn.

Ní ọjọ́ kan ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń gbé ní Ìjànikin wá bá mi. Iṣẹ́ olùkọ́ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ni ó ń kọ́, wọ́n sì ti ní kí ó ṣe ohun ìṣeré kan tí ó rọ̀, tí ọmọdé lè gbá mọ́ra. Ó ní, “Mà, níbo ni n óò ti rí ohun èlò rẹ̀? Bí mo bá sì rí i, ta ni yóò kọ́ mi bí a ti ń rán an?” Ìbéèrè méjèèjì yìí ni mo gbé wá síwájú yín.

Ẹ̀yin náà mọ̀ wí pé ìlú olùkọ́ ni Ìjànikin jẹ́. Ibẹ̀ ni Kọ́lẹ́jì Ẹ̀kọ́ Adeniran Ogunsanya wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó pa á pọ̀ mọ́ Kọ́lẹ́jì Michael Otedola ní ọdún 2022, tí àwọn méjèèjì fi di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ó ń gbé ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí ọjà, kò sì jìnnà sí télọ̀. Síbẹ̀, mo ti rí i ní ibòmíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ lọ ra tẹ́dì tí ó ti òkèèrè wá, tí ó já àmì tí wọ́n rán mọ́ ọn ní ìdí, tí ó sì gbé e fún olùkọ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ má bínú wí pé mo tú àṣírí. Irọ́ náà dùn mí, ṣùgbọ́n ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ó burú jù ú lọ: ẹni tí kò rán an kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kò sì mọ ibi tí yóò ti kọ́kọ́ já bí ọmọ bá fà á.

Béárì ni ẹranko tí a fi tẹ́dì ṣe àwòrán rẹ̀. Kò sí béárì nínú igbó tiwa. Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, níbi tí Dáfídì ti sọ fún Sọ́ọ̀lù wí pé òun pa kìnnìún àti béárì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1902 ni Theodore Roosevelt, Ààrẹ Amẹ́ríkà, lọ ṣe ọdẹ ní Mississippi, tí ó kọ̀ láti yìnbọn pa béárì kan tí wọ́n ti so mọ́ igi dè é. Clifford Berryman ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Morris Michtom àti aya rẹ̀, tí wọ́n ń tajà ní Brooklyn, sì rán béárì kékeré kan, wọ́n fi ìnagijẹ Ààrẹ náà pè é. Ní ọdún yẹn kan náà ni Richard Steiff ya bátànì béárì tirẹ̀ ní ìlú Giengen ní ilẹ̀ Jámánì, ní ilé iṣẹ́ Margarete Steiff tí í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ìtàn Margarete yìí ni ó wọ̀ mí lára jù. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un láti kékeré. Kò lè rìn, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò sì lágbára. Síbẹ̀ ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Erin kékeré ni ó kọ́kọ́ rán, ohun tí ó sì rán an fún ni kí ènìyàn máa gún abẹ́rẹ́ àti pínnì mọ́ ọn lára kí wọn má baà sọnù. Àwọn ọmọdé ni wọ́n gbà á, tí wọ́n sọ ọ́ di ohun ìṣeré.

Irun ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń hun aṣọ tẹ́dì nígbà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wá irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má dá a lóhùn. Aṣọ ìnura tí a ti lò nínú ilé, tí a fọ̀ mọ́, ni kí ẹni tí kò rán irú rẹ̀ rí fi bẹ̀rẹ̀. Kì í yọ̀ lọ́wọ́, irun orí rẹ̀ a sì máa bo àṣìṣe abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀. Kúbùsù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ náà dára. Àrán ni ó lẹ́wà jù, ṣùgbọ́n a máa yọ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ títí ẹ óò fi rán méjì tàbí mẹ́ta.

Ọ̀dọ̀ télọ̀ àdúgbò ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Télọ̀ tí ó ń rán aṣọ ẹbí a máa ní àgékù lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ tọrọ rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kí ó fi hàn yín bí òun ti ń so ìdí òwú. Abẹ́rẹ́, òwú, pínnì àti ṣọ́ọ̀kì kò ní kí ẹ kọjá ọjà Ìyànà-Ìbà tàbí Òkokomáíkò. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ àrán ní ọ̀pá-ọ̀pá ni kí ó wọkọ̀ lọ sí Balógun ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní ti òkìrìkà, mo mọ̀ wí pé ojú ọ̀nà Àgbádárìgì ni a wà, ọ̀nà tí ó ti Kútọnu wá, kò sì ṣòro láti rí ẹ̀wù onírun rà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wa kò gbà kí a kó aṣọ àlòkù wọlé láti òkèèrè. Aṣọ ìnura ilé yín tó.

Kí ni a óò kì sínú rẹ̀? Àgékù fóòmù wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe àga, ṣùgbọ́n a máa ta kókó nínú aṣọ. Òwú inú ìrọ̀rí tuntun ni mo fẹ́ràn. Ìrọ̀rí kan tó tẹ́dì tí ó ju ẹyọ kan lọ. Àwọn bàbá wa mọ òmíràn, èyí ni òwú àràbà. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà á wí pé igi tí àwọn àgbà wa kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, irú òwú rẹ̀ kan náà ni wọ́n ń kì sí ikùn tẹ́dì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan rí. Erékùṣù Jáfà ni wọ́n ti ń kó èyí tí ó pọ̀ jù. Ó fúyẹ́, omi kì í sì tètè wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná a máa tètè ràn án, eruku rẹ̀ a sì máa mú ni wúkọ́. Nínú ilé tí wọ́n ti ń tan àbẹ́là nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, n kò ní gbà kí ẹ lò ó.

Ó tó wàyí. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ayàwòrán súnmọ́ ọwọ́ mi. Bátànì tí mo yà sórí ìwé yìí ga ní ínṣì 12. Ẹ wò ó bí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sanra. Bí ẹ bá yà wọ́n tín-ín-rín, ẹ kò ní lè yí wọn síta nígbà tí ẹ bá rán wọn tán, èyí sì ni ó ń sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹni tí ó pa iṣẹ́ tì. Bí ẹ bá ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà iwájú, ẹ dojú bátànì dé kí ẹ tó fa ti ẹ̀yìn. Ẹ fi ìdámẹ́rin ínṣì sílẹ̀ yí ìlà ká. Kí ẹ má ṣe gé aṣọ méjèèjì pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ gé e láti ẹ̀yìn aṣọ.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ lè fi ọwọ́ rán an. Òwú alápò méjì ni kí ó lò. Abẹ́rẹ́ á jáde ní iwájú, á padà sẹ́yìn sí ibi tí ojú òwú tí ó ṣáájú parí sí, kí ó tó tún jáde ní iwájú. Bí ẹ bá yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún yí i ká lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kàn fi àyè ínṣì mẹ́ta sílẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọrùn àti ní abíyá, ẹ fi àlùmọ́gàjí gé etí aṣọ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kí ó kan òwú. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti ọwọ́ mi yìí, òun ni ọrùn rẹ̀ fi wọ́. Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò yí i síta, tí ẹ óò kọ́kọ́ ki orí, ní òwú kékeré-kékeré, kí ẹ tó bọ́ sí apá.

Ọ̀rọ̀ ojú òsì ni ó kù. Bọ́tìnnì dúdú ni mo fi ṣe é. Mo gún abẹ́rẹ́ gba inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, mo sì rò wí pé ó ti tó. Kò ju ọjọ́ kẹta lọ tí ọmọ ọdún méjì kan fi eyín fà á já. Ìyá rẹ̀ ni ó fi ìka yọ ọ́ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí ó tó gbé e mì. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi bọ́tìnnì ṣe ojú ohun tí ọmọdé yóò gbé sùn mọ́. Àwọn Òyìnbó náà jìyà ọ̀rọ̀ yìí, nítorí wáyà ni ojú tẹ́dì wọn ń gbé kọ́ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1948 ni Wendy Boston, obìnrin aránṣọ kan ní ilẹ̀ Wales, gba àṣẹ lórí ojú oníke tí a ń dè ní ìdè láti inú aṣọ; ní 1954 ni ó sì tún gbé tẹ́dì tí a lè fọ̀ jáde. Àwa kò nílò láti wá ojú oníke kiri. Òwú dúdú ni kí ẹ fi ya ojú, imú àti ẹnu, kí ẹ sì ṣe é kí ẹ tó rán aṣọ méjèèjì pọ̀, kí ìdí òwú lè wà nínú. Ẹ má sì so rìbọ́nù gígùn mọ́ ọn lọ́rùn.

Ó kù díẹ̀ tí ìwé àwọn Òyìnbó kì í sọ. Ọmọ tiwa kì í gbé ọmọláńgidi lásán. A máa pọ̀n ọ́n. Yóò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sí ìhà, yóò fi ìró ìyá rẹ̀ dì í gírígírí, yóò sì sáré. Tẹ́dì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ kò ṣe é pọ̀n. Ẹ ya ẹsẹ̀ náà kí ó là síta, kí ẹ sì rán itan rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ já.

Kí ẹ tó dí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ka pínnì yín. Mẹ́rìnlá ni mo mú jáde nínú àpótí lówùúrọ̀ yìí kí a tó bẹ̀rẹ̀. Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà wọ́n kí a tó gbọ́ ìbéèrè.