Ilé Kan Náà ni Wọ́n Pín sí Méjì
(Ọ̀rọ̀ lórí àwọn ìletò Ògù, èyí tí a sọ níwájú ẹgbẹ́ ní Agbalata, Àgbádárìgì)

 

Ohun tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ lónìí kò jìnnà sí ibi tí a jókòó sí yìí. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọjà Agbalata ní ọjọ́ ọjà, yóò rí oníṣòwò ìhà Àjàṣẹ́ àti àwọn ará ìletò wa, bíi Gberefu àti Ajido, ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ẹni kan ń ka náírà, ẹnì kejì ń ka owó sẹ́fà. Ṣùgbọ́n èdè Ògù, tí àwa Yorùbá ń pè ní Ègùn, ni wọ́n fi ń bá ara wọn ná ọjà.

Báwo ni ó ti rí bẹ́ẹ̀? Ní 1863 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Àgbádárìgì. Ní ọjọ́ 10 oṣù August, 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ní Páríìsì, wọ́n sì fa ààlà: Àjàṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Àgbádárìgì wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. A kò pe baálẹ̀ ìletò kankan síbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọmọ ìyá kan ti ń kọ́ ìwé Faransé, tí èkejì ń kọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1960 ni Nàìjíríà àti Dàhòmì, tí ó di Benin ní 1975, gba òmìnira. Ààlà náà kò kúrò.

Síbẹ̀, ohun tí òyìnbó fi gègé pín, ẹnu kò pín in. Bí àlejò bá wọ ìletò Ògù níhìn-ín tàbí lọ́hùn-ún, “Mi kuabọ” ni wọn yóò fi kí i. Etí tí ó mọ “Ẹ kú àbọ̀” yóò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àjèjì. Ní ìhà méjèèjì ni Zangbeto, èyíinì ni ènìyàn òru, ti ń fi ẹ̀wù koríko rẹ̀ ṣọ́ ìlú. Àwa tí a jẹ́ oníwàásù kò bọ ọ́, ṣùgbọ́n a kò ní sẹ́ pé olè ń bẹ̀rù rẹ̀. Ní 1923 ni odindi Bíbélì sì ti jáde ní èdè yìí.

Ǹjẹ́ ta ni ó wá ń pa ogún yìí run? Àwa fúnra wa ni. Àwa olùkọ́ ti fi pàṣán na ọmọ nítorí pé ó sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé; a rò pé ẹ̀kọ́ ni, a sì jẹ̀bi. Àwa Yorùbá náà ti fi Ègùn ṣe ẹlẹ́yà, títí ọmọ Ògù fi ń tijú láti dá ìyá àgbà rẹ̀ lóhùn láàárín ọjà. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ gbà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní 2025 wọ́n pa àṣẹ náà rẹ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ di ti ilé.

A bẹ ẹ̀yin ìjòyè pé, ní agbo-ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mú àgbàlagbà kan jókòó ti ọ̀dọ́ kan tí ó mọ̀wé, kí ọ̀kan máa sọ, kí èkejì máa kọ: orúkọ àwọn tí ó tẹ ìletò dó, ibi tí wọ́n ti wá, oríkì ilé, àti àwọn ìbátan tí ó kù lẹ́yìn ààlà. A bẹ ẹ̀yin òbí pé kí ẹ máa fi èdè ilé bá ọmọ sọ̀rọ̀ láìtijú. Àwa olùkọ́ yóò sì ju pàṣán náà nù.

Àwọn baba wa wí pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí yóò pa àrọ́bá náà bá kú láìsọ ọ́, kí ni ọmọ náà yóò bá? Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó bá òfo.