Ìwà, Ìbànújẹ́ àti Ọtí Àmujù

Àwọn tí ó mọ Creek Road, láti Àpápá títí dé ìtòsí Ajégúnlẹ̀, kò ní gbàgbé ọdún 2018 àti 2019. Tírélà tò lọ bẹẹrẹ sí ẹnu èbúté. Awakọ̀ ń sun inú ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ó tó kàn án. Kí a fi awakọ̀ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn méjèèjì ra paraga lọ́wọ́ ìyá kan náà, ife kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan mu tirẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ sùn. Èkejì dá tirẹ̀ mu, nítorí owó ilé-ìwé ọmọ tí kò tíì rí san. Èwo nínú wọn ni ọtí yóò tètè sọ di ẹrú?

Ní ọdún 1994, M. Lynne Cooper, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, pín ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń mutí sí mẹ́rin: láti bá ẹgbẹ́ ṣe fàájì, láti mú inú dùn sí i, kí ẹgbẹ́ má baà ta ni nù, àti láti pa ìbànújẹ́ rẹ́. Ìdí kẹrin yìí ni ó so mọ́ wàhálà ọtí jù.

Ìwà náà ní ipa tirẹ̀. Oníwàǹwára kì í ro ọ̀la kí ó tó mu. Ẹni tí ìpayà tàbí àìnírètí ń bá jà a máa sọ ọtí di oògùn. Síbẹ̀, aláròkàn lè wà láìdi ọ̀mùtí, bí ó bá mọ ọ̀nà mìíràn tí a fi ń gbé ẹrù ọkàn.

Ọtí ń dẹ ọpọlọ, ara a sì tuni fún wákàtí díẹ̀. Nígbà tí ó bá dá lójú, ìpayà a padà tòun ti èlé. Gbèsè wà níbẹ̀, àpò sì ti fúyẹ́ sí i. Kò pẹ́, ife kan kò tó mọ́.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tí ó bá rí ọ̀dọ́ tí ó ń dá mutí má ṣe fi èébú bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ́kọ́ bi í pé, "Kí ló ń dùn ọ́ lọ́kàn?" Kí ó kọ́ ọ láti ya ìṣòro tí ó ṣeé yanjú sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a óò fi sùúrù gbé, kí ó sì ní ẹni tí yóò máa sọ tinú rẹ̀ fún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bí kò bá mu kò gbọdọ̀ dá fi ọtí sílẹ̀ lójijì, nítorí gìrì lè mú un. Dókítà ni kí ó bójú tó o. Ilé-ìwòsàn ọpọlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Yábàá ń tọ́jú irú wọn.

Àwọn àgbà ní àròkàn ní í fa ẹkún. Bí awakọ̀ kejì bá rí ẹni bá a rò ó lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣeé ṣe kí ó gbé ife kalẹ̀.